Èébú Kan Ṣoṣo Tí Vanié Bi Anselme Kò Rí Sọ

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kọkànlá, wọ́n yọ Vanié Bi Anselme kúrò nípò adelé olùdarí Ọ́fíìsì Ìpolówó àti Fàájì ní Abidjan, nítorí pé wọ́n ní kó bú awakọ̀ rẹ̀, kò sì rí èébú kankan bú u.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Kò kówó jẹ, kò gba ìyàwó oníyàwó. Wọ́n ní, “Bú u,” ó sì ń yìn ín. Kí ẹni tó ń kà á má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Akọ̀ròyìn ni Anselme tẹ́lẹ̀. Ìwé ìròyìn aláwòrán kan ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Plateau, irú èyí tí àwọn obìnrin máa ń ṣí wò nílé onídìrí, tó máa ń ròyìn ẹni tó gbéyàwó, bàtà tó wọ̀, àti ẹni tó sunkún níbẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa yin àwọn olówó, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Bí olówó kan bá kúrú, Anselme á kọ ọ́ pé ilẹ̀ ló fẹ́ràn rẹ̀ tí kò fi fẹ́ kó jìnnà sí òun. Bí orí rẹ̀ bá pá, á ní oòrùn Abidjan ti rí dígí tó fi ń wojú. Olówó náà á kà á tán, á rẹ́rìn-ín músẹ́, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e á ra odidi ojú-ewé láti fi polówó ọjà rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ìpolówó kan wo ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní ìpolówó ni ọkùnrin yìí ń ṣe láti ọjọ́ yìí, ìròyìn ló kàn ń pè é. Wọ́n bá gbà á síṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti kọ ọ̀rọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ kan: “Ìdọ̀tí rí i, ó kúnlẹ̀.” Gbogbo ìlú ló ń sọ ọ́. Àlùfáà kan tilẹ̀ sọ ọ́ nínú ìwàásù. Nígbà tí olùdarí Ọ́fíìsì Ìpolówó àti Fàájì fẹ̀yìn tì, ìjọba wá ẹni tí yóò di ipò náà mú fúngbà díẹ̀, wọ́n sì fi Anselme síbẹ̀. Wọ́n ní bó bá ṣe dáadáa, Mínísítà yóò kéde níbi àjọ̀dún ọdọọdún Ọ́fíìsì pé ó ti di ojúlówó olùdarí.

Adelé! Ọ̀rọ̀ náà há Anselme lọ́nà ọ̀fun bí eegun ẹja. Lọ́jọ́ kìíní ló ti fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu nínú ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Olùdarí Àgbà Pátápátá, Ojú Tí Abidjan Fi Ń Rí Ayé. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè bóyá iná mànàmáná ti dé, á kọ́kọ́ ka oyè náà tán kó tó béèrè. Nígbà mìíràn, iná á ti dé, á tún ti lọ, kí oyè tó parí.

Ní àwọn ilé ọtí Yopougon, bí ènìyàn bá fún DJ, ìyẹn ẹni tó ń gbé orin sí i, lówó, onítọ̀hún á fi máìkì pe orúkọ rẹ̀, á yìn ín títí ọtí á fi dà sí i lára. Anselme lọ mú ọ̀kan nínú wọn, DJ Sirop, ó gbà á síṣẹ́ ìjọba. Láràárọ̀ ni DJ Sirop ń dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú máìkì.

“Ó ti dé o! Vanié Bi! Ẹni tó wọ bàtà tí bàtà ń dúpẹ́! Ẹ̀yin àtẹ̀gùn, ẹ múra, ẹsẹ̀ ńlá ń bọ̀!”

Gbogbo òṣìṣẹ́ á pàtẹ́wọ́. Bí Anselme bá ń lọ sílé ìtọ̀, DJ Sirop á tẹ̀lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀, nítorí ó ní ẹ̀kọ́ ilé.

Àṣẹ tí ọ̀gá yìí pa kò ṣeé kà tán. Ó ní pátákó ìpolówó kankan kò gbọdọ̀ dúró ní Abidjan láìsí àwòrán òun níbẹ̀, kóun máa rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Èmi fúnra mi ti dán an wò, ó tẹ́ mi lọ́rùn.” Ó dára lórí pátákó oníwàrà. Ó ṣeé fara mọ́ lórí ti oníbàtà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà ní Adjamé tó ń kan pósí.

Ó tún dá Ìgbìmọ̀ Ẹ̀rín sílẹ̀. Aláwàdà tó bá fẹ́ ṣeré níbikíbi, àfi kó kọ́kọ́ gbé àwàdà rẹ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀ yìí, kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i lórí. Ìwọ tó ń kà á, ìwọ náà fojú inú wò ó: àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù jókòó sẹ́yìn tábìlì, ojú wọn dà bí ti ẹni tí eyín ń dùn.

Aláwàdà á bẹ̀rẹ̀, “Ọkùnrin kan lọ sọ́jà...”

“Ọjà wo?”

“Ọjà lásán ni, ọ̀gá.”

“Kò sí ọjà tó ń jẹ́ Lásán ní Abidjan. Máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Gbogbo èyí, ìlú gbà á mọ́ra. Ibi tí Anselme ti ṣìṣe ni ọ̀rọ̀ awakọ̀ rẹ̀.

Silué Zana lorúkọ awakọ̀ náà. Àgbàlagbà ni, ọmọ Senoufo láti ìhà Korhogo, etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, ó sì ti gbé ọ̀gá mẹ́rin kiri kí Anselme tó dé. Ọmọ Gouro ni Anselme, láti Bouaflé. Ẹ rántí pé májẹ̀mú wà láàárín Gouro àti Senoufo látọjọ́ tí aláyé ti dáyé: tukpè ni wọ́n ń pè é. Olúkúlùkù ń pe ẹnì kejì ní ẹrú òun. Wọ́n lè bú ara wọn lójú agbo, lójú òkú, lójú ọba, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú. Ẹni tí wọ́n bú á bú padà, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, ó parí. Ẹni tó bá bínú ló ba ilé àwọn baba rẹ̀ jẹ́.

Nítorí náà, láràárọ̀ bí DJ Sirop bá ti ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà, Zana á ti máa dá a lóhùn láti inú mọ́tò.

“Ẹrú mi, o pẹ́ lónìí. Ṣé bẹ́ẹ̀dì ló dì ọ́ mú ni, àbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó o jẹ sùn?”

Àwọn òṣìṣẹ́ á fi ìwé bojú, èjìká wọn á máa gbọ̀n. Nígbà tí Anselme ṣì wà nídìí ìròyìn, ó mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n Ojú Tí Abidjan Fi Ń Rí Ayé kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Ó pe Zana.

“Zana, láti òní lọ, èébú yòówù tó o bá fẹ́ bú mi, àfi kó kọ́kọ́ gba iwájú Ìgbìmọ̀ Ẹ̀rín.”

“Ṣé ẹrú mi ló ń pàṣẹ fún mi?”

“Ìjọba ló ń pàṣẹ fún ọ.”

Zana kò jiyàn. Ó lọ síwájú ìgbìmọ̀, ó bọ́ fìlà.

“Mo fẹ́ pe ọ̀gá ní olórí àgbọn.”

Alága ìgbìmọ̀ wo àwọn tó kù. “Àgbọn tútù ni àbí gbígbẹ?”

“Gbígbẹ ni, ọ̀gá. Tútù ṣì ní omi nínú.”

Ẹnì kan nínú wọn gbàgbé ara rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ló bá di dandan kí wọ́n lu òǹtẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Zana ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó tẹrí ba.

“Ẹrú mi olórí àgbọn gbígbẹ, wọlé. Ìjọba ti fọwọ́ sí i.”

Anselme gbé èyí mì. Àjọ̀dún ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì fẹ́ kó jẹ́ pé ohun rere nìkan ni Mínísítà ń gbọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni àjọ̀dún náà bọ́ sí, ní gbọ̀ngàn kan ní Treichville. Gbogbo ẹni tó ń kọrin, tó ń ṣàwàdà, tó ń ta ọtí ló wà níbẹ̀. Mínísítà, Madame Tuo, jókòó sí iwájú, ìwé ìfìdímúlẹ̀ sì wà nínú báàgì rẹ̀. Anselme mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ti rí etí ìwé náà. Síbẹ̀, kò lè ṣe kó má sọ̀rọ̀.

“Nígbà tí wọ́n bí mi,” ó bẹ̀rẹ̀, “agbẹ̀bí gbàgbé láti gé ìwọ́ mi, ó ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí mo kọ ìròyìn mi àkọ́kọ́, òǹkàwé kan ní Daloa kà á, ó fọ́jú nítorí ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Mo ní kí ó má bínú. Kò bínú.”

“Òótọ́ ni!” ni DJ Sirop pariwo. “Afọ́jú náà jẹ́rìí! Ó ní òun rí i!”

Wọ́n ń bá a lọ báyìí títí yìnyín fi yọ́ tán nínú ife àwọn àlejò. Ìgbà náà ni Zana rìn wá sí ẹsẹ̀ pèpéle, ó na ìka sí àga aláṣọ pupa tó wà lẹ́yìn Anselme.

“Ẹ jọ̀ọ́ o,” ó ní, “ta ló gbé àga fún ẹrú mi? Mo rán an níṣẹ́ omi láti àárọ̀, ibí ló wá jókòó sí!”

Gbọ̀ngàn náà fọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Madame Tuo, tóun náà jẹ́ Senoufo, rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú. Ohun tó kù kò ju pé kí Anselme dá a lóhùn: kó ní omi náà wà nílé, pé òun gbàgbé ni nítorí etí Zana dí òun lójú. Ìdáhùn bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti mutí yó gan-an lè rí i sọ.

Àmọ́ ohun tí Anselme sọ ni pé, “Ọlọ́pàá! Ẹ mú un! Èébú yìí kò ní òǹtẹ̀!”

Ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ dúró sókè. Ọkùnrin Gouro kan lẹ́yìn di orí mú. “Yéè! Ó ti pa wá!” Àwọn ọlọ́pàá wo ara wọn, wọ́n wá rọra di Zana lápá bí ẹni tó fẹ́ ran àgbàlagbà lọ́wọ́ láti sọdá títì. Madame Tuo dìde, ó ti báàgì rẹ̀, ó lọ.

Tia ni ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n mú Zana lọ bá, ọmọ Yacouba ni. Àwọn Yacouba náà ń bá Senoufo ṣe tukpè.

“Kí ló ṣe?” ni Tia béèrè.

“Ó bú Gouro, ọ̀gá.”

“Ẹ̀yin wèrè yìí, Gouro ò ha wà fún bíbú? Ẹrú mi, wá jókòó. Ta ló ta etí yìí fún ọ? Ó rẹ́ ọ jẹ, ó fún ọ ní ti erin.”

“Bàbá rẹ ni. Ó ní kóun lè rówó ra ṣòkòtò fún ọ.”

Tia ránṣẹ́ ra garba, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àti ẹja díndín, wọ́n jọ ń jẹ ẹ́. Anselme pè lórí fóònù. “Ṣé ó wà nínú àhámọ́?”

“Ó wà níbí, ọ̀gá,” ni Tia fèsì, ẹnu rẹ̀ kún fún ẹja. “Ó ń jìyà. Ata rẹ̀ pọ̀ gan-an.”

Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí Tia ti ní kí Zana máa lọ sílé, ìyá Anselme pe ọmọ rẹ̀ láti Bouaflé.

“Anselme, wọ́n ní o ní kí wọ́n mú Senoufo wa. Mo ní irọ́ ni.”

“Màámi, ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n.”

“Ọ́fíìsì wo? Nígbà tí bàbá ẹ kú, ta ló wá sùn sórí ẹní òkú, tó ní àwọn ò ní dìde àfi tí a bá fún àwọn ní adìyẹ? Ṣé kì í ṣe àwọn ni? Ṣé kì í ṣe àwọn ni wọ́n mú mi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo rò pé èmi náà máa kú? Tí èmi bá wá kú ńkọ́? Ṣé DJ ẹ ló máa wá sùn níbẹ̀?”

Anselme ní òun wà nípàdé. Kò sí nípàdé o. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ògiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn Senoufo dé ọ́fíìsì. Wọ́n ní ẹrú àwọn kan sá, àwọn sì gbọ́ pé ibí ló sá sí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó jẹ́ Gouro kò gbọdọ̀ dá wọn dúró, wọ́n bá yà fún wọn. Ìyá arúgbó kan lọ jókòó sí àga Anselme, ó ní ó le jù. Ọkùnrin kan gbé kóòtù rẹ̀ wọ̀. Àwọn mìíràn na ara sí ọ̀nà, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ olówó ẹrú mọ́lẹ̀. Wọ́n fún DJ Sirop ní àgbàdo sísun kan, ó wò ó, ó wo Anselme, ó tún wo àgbàdo.

“Ẹ̀yin olówó wa!” ó pariwo. “Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tí àga ń dúpẹ́!”

Ìgbà tó di ọ̀sán ni Madame Tuo pe Anselme wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó rí i lójú rẹ̀ pé kò tíì sùn.

“Ẹrú mi,” ó ní, “ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ní Ọjọ́bọ̀, wá jókòó sílẹ̀ níwájú Zana nínú àgbàlá ọ́fíìsì yín. Fún un ní obì. Á bú ọ, wàá bú u, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ká tó jẹun ọ̀sán, ó ti parí, màá sì fọwọ́ sí ìwé rẹ níbẹ̀.”

“Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, Madame?”

“Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Bú u kan ṣoṣo. Ti etí rẹ̀ náà tó.”

Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn, á ra obì, á sì lọ sùn. Anselme lọ pe àwọn tó ń tẹ pátákó. Nígbà tó di ọjọ́ Rú, ojú rẹ̀ ti wà káàkiri Cocody àti Marcory, omijé kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà: “Ọjọ́bọ̀! Ẹ̀bẹ̀ tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí! Èmi fúnra mi ti dán an wò!” Wọ́n gbé pèpéle sí àgbàlá. Àwọn oníjó wá. Wọ́n bo ẹní tí yóò jókòó lé pẹ̀lú tìmùtìmù aláwọ̀ wúrà. DJ Sirop, tó ti jẹ àgbàdo rẹ̀ tán, ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

“Ọba ẹ̀bẹ̀! Ẹni tó jẹ̀bi dáadáa! Ta ló lè jẹ̀bi tó báyìí ní gbogbo Áfíríkà?”

Èrò kún àgbàlá náà dé títì. Ìyá Anselme wá láti Bouaflé pẹ̀lú àwọn àgbà mẹ́ta. Wọ́n jókòó sí iwájú, ojú ń tì wọ́n nítorí tìmùtìmù náà.

Zana gba obì. Ó wo ọ̀gá rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ẹrú mi,” ó ní, “mo rí ọ lórí gbogbo pátákó tó wà ní ìlú yìí. Lọ́nà Bingerville, ẹyẹ kan ti kọ́lé sẹ́nu rẹ. Ìyàwó rẹ̀ ti yé ẹyin síbẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ẹnu yẹn nìkan ni kì í pa dé ní gbogbo Abidjan.”

Ẹ̀rín gba àgbàlá. Àwọn àgbà Gouro gan-an ń fi ọwọ́ lu itan. Ìyá Anselme nu ojú.

“Ó kàn ọ́,” ni Zana wí. “Bú mi.”

Anselme la ẹnu.

Ó wo Zana. Ó rí etí náà. Ó mọ̀ pé ó fẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ lọ sínú ara rẹ̀, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, àmọ́ gbogbo ohun tó ń bọ́ sí i lọ́wọ́ ló ń dán. Láti ọjọ́ tó ti wọ iṣẹ́ ìròyìn, kò tíì pe ohun tó fẹ̀ ní ohun tó fẹ̀ rí.

“Silué Zana,” ó ní, òógùn bò ó, “etí rẹ... etí rẹ gba gbogbo ìròyìn ayé láàyè.”

“Áà!” ni èrò wí. “Ó yìn ín!”

Àánú ṣe Zana. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ ọ́ sí i létí, ṣùgbọ́n máìkì DJ Sirop gbé e jáde. “Sọ pé etí ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́, ẹrú mi. Kò le.”

“Ewúrẹ́!” ni Anselme pariwo, inú gbogbo ènìyàn sì dùn. “O dà bí ewúrẹ́! Ewúrẹ́ tó gbayì jù lọ nínú ọjà, tí ẹran rẹ̀ rọ̀ lẹ́nu, tí owó rẹ̀ kò sì wọ́n!”

“Anselme!” Ìyá rẹ̀ ti dìde. “Bú ọkùnrin yìí! Nígbà tó o wà lọ́mọdé, o bú gbogbo àdúgbò! O bú àbúrò mi tó fi kó lọ sí Sinfra! Bú u, jọ̀ọ́, ọmọ mi!”

Anselme di ojú. Ó mí kanlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Silué Zana! Ra ọ̀kan, gba ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́!”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Zana gbé e dìde, ó gbọn eruku kúrò lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí eruku lórí tìmùtìmù náà.

“Mo ti dárí jì í,” ó sọ fún Mínísítà. “Mo ti dárí jì í pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀.”

Madame Tuo gbé kálámù padà sínú báàgì. “Ti tukpè parí,” ó ní. “Ti ọ́fíìsì ló kù. Ẹni tí kò lè sọ pé etí kan fẹ̀, kò lè máa sọ fún àwọn aláwàdà ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín.”

Ìwé ìyọnípò dé lọ́jọ́ kejì. Bí Anselme ṣe ń gbé àpótí rẹ̀ jáde, DJ Sirop sin ín dé ẹnu ọ̀nà. “Ó ń lọ o!” ó pariwo. “Ẹni tó ń lọ bí ẹni tó ń bọ̀!” Zana ló gbé e dé gáréèjì, ó sì bú u títí wọ́n fi débẹ̀, bóyá ọ̀kan á wọ̀ ọ́ lára. Ọ̀kankan kò wọ̀ ọ́.

Obìnrin kan láti Bondoukou ló wà nípò adelé báyìí, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀rín sì ti túká. Anselme wà ní Bouaflé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọ fún Senoufo kan tó ń ta ẹran sísun níbẹ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́. Ọkùnrin náà ní òun gbọ́ ọ, pé kò tíì dùn, kó tún padà wá lọ́jọ́ ọjà.